Ta Ni Yóò Jókòó Sórí Àwọn Àga Wọ̀nyí? Ẹ̀kọ́ Lórí Òǹwòran Eré Orí Ìtàgé

  Lójú ìwé okòwò yìí, a ti jọ sọ̀rọ̀ lórí ilé rírà, lórí owó ìfẹ̀yìntì àti lórí bí a ṣe ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjà kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí ọjà la fẹ́ yẹ̀ wò: eré orí ìtàgé.

Ẹ ó rántí eré tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ṣe lọ́dún tó kọjá. Owó tí a bá pa níbẹ̀ la fẹ́ fi ra páànù fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ìjì ṣí òrùlé rẹ̀ nílé. Oṣù mẹ́rin gbáko ni àwọn ọmọ fi múra sílẹ̀. Wọ́n mọ ọ̀rọ̀ wọn sórí, ìlù dún, aṣọ bá eré mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná ìtàgé tàn, àga tó ṣófo pọ̀ ju èyí tí ènìyàn jókòó sí lọ. Onígbọ̀ngàn kì í béèrè iye ènìyàn tó wá kó tó gba owó rẹ̀. Inú àpò ẹgbẹ́ la ti mú owó tó kù san. Páànù kan ṣoṣo kò dé ilé. Bí a ṣe ń jáde, ìyá àgbà kan sọ fún àwọn ọmọ náà pé, "Eré yín pọ̀ ju èrò yín lọ, ẹ̀yin ọmọ mi."

Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ ti bẹ̀bẹ̀ pé kí a jẹ́ kí àwọn tún ṣe òmíràn, ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ ni yóò sì pinnu. Àwọn kan ní kò sí ohun tó jọ ọ́ mọ́. A kò fẹ́ fi ojú ìwé yìí dá ìbò fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí a mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kí a tó dìbò, torí kì í ṣe eré ló kùnà. Òǹwòran ni a kò wá.

1. ÀWỌN BABA WA MỌ ẸNI TÓ WÀ NÍWÁJÚ WỌN

Ní ọdún 1826, àwọn òyìnbó méjì kan, Hugh Clapperton àti Richard Lander, dé Ọ̀yọ́ Ilé. Àwọn eléégún alárìnjó ṣeré fún wọn níwájú ọba. Wọ́n jó nínú àpò, wọ́n fi erè ńlá dárà, lẹ́yìn náà ni ẹnì kan jáde bí òyìnbó: ó funfun, ó rù, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ń ta lẹ́sẹ̀, ó ń fín áásáà. Ẹ̀rín pa gbogbo èrò. Clapperton fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé wọ́n ṣe é dáadáa.

Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Àwọn òṣèré yẹn wo ẹni tó jókòó, wọ́n wo ohun tí ìlú ń sọ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fi í sínú eré. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: kí a tó kọ eré, ká ti mọ ẹni tí yóò wò ó.

Hubert Ògúndé náà mọ èyí. Ọlọ́pàá ni nígbà tó gbé eré rẹ̀ kìíní jáde ní gbọ̀ngàn Glover Memorial nílùú Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 1944. Ìtàn ọgbà Édẹ́nì ni. Kí ìjọ kan ní Èbúté Mẹ́tta lè rí owó kọ́ ilé ìsìn ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ rí i pé ohun tí àwa náà ń ṣe nìyẹn: eré láti fi kó owó jọ. Ṣùgbọ́n ìjọ tó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀ ti ní àwọn ènìyàn tirẹ̀, ìtàn tí wọ́n mọ̀ látinú Bíbélì ló mú, ó sì fi ìṣe àti ìlù tí wọn kì í rí nínú ìjọ kún un. Ohun tí wọ́n mọ̀ ló fi fà wọ́n wá, ohun tí wọn kò rí rí ló fi dá wọn dúró.

Nígbà tó di 1945, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sọ eré di iṣẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, Ògúndé sì gbé eré jáde lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àti ebi. Ohun tó wà lẹ́nu ará ìlú ló wà lórí ìtàgé. Ó ń lẹ ìwé ìpolówó kí ó tó dé ìlú, ọkọ̀ rẹ̀ á máa yí ìgboro ká pẹ̀lú orin, orin eré rẹ̀ á sì wà nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964 nítorí eré Yorùbá Ronú, àwo orin náà ṣì ń bẹ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Ní 1966 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Ẹni tó bá ti gbọ́ orin nílé kò nílò kí a tún sọ fún un pé eré ń bọ̀.

2. ÀWỌN ÈNÌYÀN NÍ LÁTI SỌ Ọ́ DI TIWỌN

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Òṣogbo. Ní 1962, Dúró Ládipọ̀ sọ ilé ọtí rẹ̀ di ilé eré àti iṣẹ́ ọnà. Àwọn òǹkọ̀wé ní Ìbàdàn ti ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Mbari, orúkọ tí wọ́n mú láti ilẹ̀ Ìgbò. Nígbà tí orúkọ náà dé Òṣogbo, àwọn ará ìlú gbọ́ ọ bí èdè wọn, wọ́n pè é ní Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Ládipọ̀ kò bá wọn jà. Orúkọ tí àwọn ènìyàn fi sọ ọ́ ló di orúkọ ilé náà.

Níbẹ̀ ni Ọba Kò So ti jáde ní 1963. Ìtàn Ṣàngó ni, pẹ̀lú bàtá, dùndún, oríkì àti ọfọ̀. Èdè Yorùbá pọ́ńbélé ni wọ́n fi ṣe é, síbẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí Berlin ní 1964, wọ́n sì gbé e wá síhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965 fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth. Àwọn tí kò gbọ́ "ẹ káàárọ̀" jókòó, wọ́n wò ó dópin.

Èyí ṣe pàtàkì fún wa, nítorí ohun tí a máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé àwọn ọmọ wa kò gbọ́ Yorùbá, nítorí náà wọn kò ní wá. Bí ojú bá rí ìtàn náà, tí ìlù ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, tí ẹnì kan sì fi ìṣẹ́jú méjì sọ ìtàn náà ní Gẹ̀ẹ́sì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ á bá a lọ. Eré tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ lórí ìjókòó ló ń lé ọmọdé sá.

3. OHUN TÓ GBÉ ÒǸWÒRAN LỌ NÍLÉ

A kò gbọdọ̀ tan ara wa jẹ. Àwọn ẹgbẹ́ alárìnká wọ̀nyí, tí wọ́n pọ̀ gan-an ní àwọn ọdún 1970, kò sí lójú ọ̀nà mọ́ lónìí. Kí ló dé?

Tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló pa wọ́n. Tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, ó sì sọ Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, di ẹni tí ọmọdé àtàgbà mọ̀. Ẹni tó rí i lórí tẹlifíṣọ̀n fẹ́ rí i lójúkojú. Ìwé ìròyìn Atọ́ka tó ń fi àwòrán sọ ìtàn eré wọn tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé ní àwọn ọdún 1980, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, ẹ̀rù olè kò jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ jáde lóru, epo ọkọ̀ àti ọ̀nà di wàhálà, fíìmù àti fídíò sì wọlé. Àwọn ọ̀gá eré fúnra wọn lọ sídìí fíìmù. Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979. Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, àwọn ayédèrú sì jí i tà débi pé gbèsè ńlá bá a.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìfẹ́ eré kò kú lọ́kàn àwọn ènìyàn. Ọ̀nà àtidé ibi eré ló dí. Ẹ̀kọ́ wa nìyí: bí ènìyàn kò bá wá, ká má tètè sọ pé wọn kò fẹ́ràn àṣà wọn. Ká kọ́kọ́ wo ohun tó dí ọ̀nà.

Nígbà tí àwọn kan sì tún ọ̀nà ṣe, èrò padà. Terra Kulture ní Èkó ṣí ní 2003. Oúnjẹ wà níbẹ̀, ìwé wà, àwòrán wà, eré sì wà. Ẹni tó wá jẹun lónìí lè rí ìkéde eré ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 2017, nígbà tí National Theatre ṣe Barber Shop Chronicles ti Inua Ellams, àwọn òṣèré ti ń ṣeré pẹ̀lú àwọn tó ń wọlé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń pè wọ́n wá jókòó sórí àga onígẹ̀rígẹ̀rí. Ẹni tí kò wọ ilé eré rí mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé a retí òun.

4. TA NI ÒǸWÒRAN TIWA?

Ẹ jẹ́ ká pín wọn sí agbo mẹ́ta.

Agbo kìíní ni àwọn ẹbí òṣèré àti àwọn tó máa ń wá sí ìpàdé. Wọn yóò wá bí a tilẹ̀ ṣeré nínú òjò. Àwọn ló wà lórí àga lọ́dún tó kọjá.

Agbo kejì ni àwọn tó mọ̀ wá tí wọn kì í wá: ọmọ ìlú tó ti jìnnà sí ẹgbẹ́, ọkọ tàbí ìyàwó tó jẹ́ ọmọ ìlú mìíràn, àwọn ọmọ wa tó ti wà ní yunifásítì.

Agbo kẹta ni àwọn tí kò mọ̀ wá rárá: Yorùbá ìlú mìíràn, àwọn ará Gánà àti Jàmáíkà, àwọn òyìnbó tí a jọ ń gbé àdúgbò.

Àṣìṣe tí gbogbo ẹgbẹ́ ń ṣe ni pé a máa ń fò láti agbo kìíní sí ìkẹta. A ń tẹ ìwé ìpolówó fún ẹni tí kò mọ̀ wá, a sì fi agbo kejì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, wọn kò jìnnà.

A gbé tẹlifóònù, a pe díẹ̀ nínú àwọn ará agbo kejì. A kò bá wọn wí. A kàn béèrè ohun tó dá wọn dúró. Ohun tí a gbọ́ nìyí:

"Alẹ́ Friday ni mo gbọ́, mo sì ti gba iṣẹ́ òru."

"Aago márùn-ún lẹ kọ, mo mọ̀ pé aago méje lẹ máa bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin mi ń kọ́?"

"Ta ni yóò bá mi mú àwọn ìbejì dání?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Bí mo bá wá, wọn á pe orúkọ mi sí tábìlì gíga, wọn á ní kí n wá dáwó. Mi ò ní owó yẹn lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yìí dùn wá jù, torí ènìyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ ọ́. Ẹni tó ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì ti ṣe ojúṣe rẹ̀. Bí a bá sọ ibi eré di ibi ìdáwó, tálákà àárín wa á sá, àwọn ló sì pọ̀ jù. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó sọ pé eré kò dára.

5. ÌṢIRÒ

Ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní gbọ̀ngàn gba 250 ènìyàn, owó rẹ̀ jẹ́ £900. Iná àti ẹ̀rọ ohùn, £400. Aṣọ àti ohun èlò, £300. Àwọn onílù, £300. Ìwé ìpolówó, £100. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £2,000. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ £10 fún gbogbo ènìyàn, 200 gbọ́dọ̀ wá kí a tó bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Bí 100 bá wá, a ti pàdánù £1,000.

Ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́nà mìíràn. Tíkẹ́ẹ̀tì ìdílé, bàbá, ìyá àti ọmọ méjì, £30: ìdílé 20 mú £600 wá, ènìyàn 80 nìyẹn. Ẹni tó bá tètè rà á, £8: ènìyàn 40 mú £320 wá. Ẹni tó bá san owó pípé, £12: ènìyàn 60 mú £720 wá. Ènìyàn 180 ti wọlé, owó jẹ́ £1,640. Bí àwọn oníṣòwò mẹ́jọ nínú wa bá fi £50 £50 polówó ọjà wọn sínú ìwé ètò eré, £400 nìyẹn. Àpapọ̀ di £2,040. Gbèsè ti tán.

Àga tó kù jẹ́ 70. Bí a bá rí ènìyàn 50 sí i ní £12, £600 ni, gbọ̀ngàn kò sì ní gba owó kún owó nítorí wọn. Nítorí náà, àga ẹ̀yìn wọ̀nyẹn ló ń gbé páànù. Àga iwájú ń san gbèsè, àga ẹ̀yìn ló ń ṣe òrùlé. Ẹni tó bá sọ pé "àwa tí a wà níbí náà tó" kò tíì ṣe ìṣirò.

6. IṢẸ́ TÓ YẸ KÍ A ṢE

Ẹni tó da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i, ìmọ̀ràn wa nìyí:

(a) Oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí a ti mọ ọjọ́ àti gbọ̀ngàn. Kí ó jẹ́ ọ̀sán Saturday, aago mẹ́ta, kí àwọn oníṣẹ́ òru àti ọlọ́mọ lè rí àyè.

(b) Kí àwọn ọ̀dọ́ kọ orin eré náà méjì, kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú. Ọgbọ́n Ògúndé nìyẹn.

(d) Kí a yan ènìyàn mẹ́wàá. Kì í ṣe ìgbìmọ̀ o. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba tíkẹ́ẹ̀tì 15 lọ sí ìjọ rẹ̀, mọ́ṣáláṣí rẹ̀, ilé ìdirun tàbí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí a mọ̀ ló lè pe ènìyàn kí ó wá.

(e) Kí yàrá kan wà fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, pẹ̀lú àwọn olùtọ́jú tí ẹgbẹ́ ti wádìí.

(ẹ) Kí a bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn 20 péré ló ti jókòó. Lọ́dún kejì, wọ́n á tètè dé.

(f) Kí a kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé kò sí ìdáwó lọ́jọ́ náà. Kí àwọn olówó wa ṣe tiwọn ní ìpàdé, tí ojú kò sí.

(g) Lẹ́nu ọ̀nà, kí a béèrè ohun méjì: ta ló sọ fún yín, ṣé ẹ ti wá rí? Bí a bá gba nọ́ńbà fóònù, kí a sọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe, kí ẹni tí kò fẹ́ lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Òfin ilẹ̀ yìí lórí ìwífún àwọn ènìyàn, ti ọdún 2018, kan ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa náà.

(gb) Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wá, kí a sì fi àwòrán páànù ránṣẹ́ sí wọn tí wọ́n bá kàn án. Ẹni tó rí òrùlé tí tíkẹ́ẹ̀tì òun rà á padà wá, á sì mú ẹnì kan dání.

Ó ku ohun kan. Ní Brazil, ní ọdún 1944 tí Ògúndé bẹ̀rẹ̀, Abdias do Nascimento dá ẹgbẹ́ eré aláwọ̀ dúdú sílẹ̀ ní Rio de Janeiro. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ àti òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀wé wà lára àwọn tó wá bá a. Ẹgbẹ́ náà kọ́ wọn ní ìwé kíkà, àti lára wọn ni òṣèré ti jáde. Ní 1945, wọ́n ṣeré nínú ilé eré ńlá ìlú náà. Kò jókòó kí ó máa retí àwọn tó ti fẹ́ràn eré tẹ́lẹ̀. Àwa náà lè fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ wa ní orin àti oríkì inú eré yìí. Ọmọ tó bá mọ orin á fẹ́ gbọ́ ọ lórí ìtàgé, òbí rẹ̀ ni yóò sì mú un wá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ta ni ẹni mẹ́ta tí ẹ mọ̀ ní agbo kejì? Kí ló dá wọn dúró?
2. Nínú ìtàn ìlú wa, èwo ni ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ojú rí, kì í ṣe kí ó fi etí nìkan gbọ́?
3. Bí ènìyàn 120 péré bá wá, báwo ni a óò ṣe dín ìnáwó kù kí a má ba à jẹ gbèsè?
4. Ta ni yóò mú tíkẹ́ẹ̀tì 15?

Ẹ mú ìdáhùn yín wá sí ìpàdé. Bí ẹ bá fẹ́ dìbò pé kí eré má wáyé, ẹ dìbò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti ṣe tiwọn lọ́dún tó kọjá. Iṣẹ́ tí a kò ṣe, tiwa ni. Òjò ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé, abẹ́ ọ̀run gbalasa ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn ṣì jókòó sí.

Ire o. Ó di ìgbà kan ná.